Gèlè Tí Àkíbù Wé Fún Òkú

Bí ẹ bá gba Ọjà'ba wọ Beyerunka, ẹ sáà bèèrè Àkíbù Fọ́tò, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ní gíláàsì gbọọrọ níwájú, tí àwọn ìyàwó tuntun, àwọn Alájì àtàwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé jókòó sórí tìmùtìmù ń ti inú rẹ̀ wo ará ọ̀nà. Àwọn kan nínú àwọn ìyàwó tuntun yẹn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ṣùgbọ́n Àkíbù kò yọ wọ́n kúrò. Ó ní àwọn ló ń bá òun pe oníbàárà. Irọ́ ni o. Ìmẹ́lẹ́ ni.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ fọ́tò. Ẹ̀kọ́ tí bàbá náà fi sílẹ̀ fún un kò gùn: "Má ya èèyàn bó ṣe dé. Yà á bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rí òun." Ìdí nìyí tí ìyarun, páúdà, dígí, táì kan tó ti ṣá àti gèlè kan fi máa ń wà lórí tábìlì Àkíbù nígbà gbogbo. Obìnrin tó bá ti Ìsàlẹ̀ Òsì sáré wá ya pásípọ́ọ̀tù láì bo orí, Àkíbù ò ní gbé kámẹ́rà. Á ní kó nu òógùn ojú rẹ̀ ná, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé gèlè fún un. Àwọn ará báǹkì ní etí gbọ́dọ̀ hàn nínú fọ́tò. Àkíbù ní tí báǹkì bá ń wá etí, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Fóònù ti ba iṣẹ́ náà jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹni tó bá ti ní ìka lónìí ti di oní-fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kí nikà wọn ní ọ̀wọ̀ ṣì ń pe Àkíbù, nikà náà ló sì gbé e dé ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀.

Muhydeen, ọmọ agboolé wọn, ló fẹ́ gbéyàwó. Ẹja gbígbẹ ni Muhydeen máa ń rà wá sí Ìbàdàn láti etí òkun Ìlàjẹ, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Àgọ́ Ẹlẹ́ja, ibẹ̀ náà ló sì ti rí ọmọ tó wù ú. Ó ní bí kò bá ṣe Àkíbù ló máa ya nikà òun, òun ò ṣe nikà mọ́. Zulaihat, ìyàwó Àkíbù, kò fẹ́ ìrìn àjò náà rárá.

"Bàbá Sọ̀fíyàt," ó ní, "ẹ̀yin tí ẹ kì í lè fo kòtò àgbàrá, kí lẹ ń wá lọ sórí òkun?"

Kò parọ́ mọ́ ọn. Àkíbù bẹ̀rù omi. Àwọn èèyàn a máa sọ pé omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ìyá tó bí Àkíbù kò sọ ọ́ rí títí ó fi kú, nítorí ó fojú ara rẹ̀ rí Omíyalé, ọdún tí Ògùnpa kún tó gbé ilé, tó gbé onílé. Láti kékeré ló ti fi ìtàn náà gbin ẹ̀rù sínú ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀ ó lọ, torí ojú ń tì í láti kọ̀ fún Muhydeen. Ó di kámẹ́rà, ó ká aṣọ funfun olódòdó wúrà tó máa ń ta sẹ́yìn ọkọ àti ìyàwó, ó wọ mọ́tò dé ibi tí títì parí sí, ó wá wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ojú dídì. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó wà nínú ọkọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dé èbúté.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló débẹ̀, ọjọ́ kejì ni nikà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni afẹ́fẹ́ yí padà. Kò sí ẹni tó pariwo lákọ̀ọ́kọ́, nítorí àwọn ará ibẹ̀ mọ òkun bí obìnrin ṣe ń mọ ọkọ tó máa ń mutí. Wọ́n rò pé bó bá jà tán, á sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lórí ilé, tí omi gun òkè wá sáàárín ilé tí kò padà, àwọn àgbà apẹja gan-an fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn rọ́ lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo tó wà ní abúlé náà. Àkíbù gbé báàgì kámẹ́rà rù, omi sì ti dé àyà rẹ̀ kó tó kan àtẹ̀gùn.

Láti òkè ló ti ń wo àwọn ilé onípákó tí wọ́n kọ́ sórí òpó, bí wọ́n ṣe ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èéfín ìdáná ṣì ń rú jáde nínú òmíràn. Ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn nínú afẹ́fẹ́. Ó gbọ́ ẹnì kan tó ń pe ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbọ́ wọn mọ́, ariwo omi nìkan ló kù. Ó ń ké sí Ọlọ́run títí ahọ́n rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkun ti padà síbi tó ń gbé, ó tẹ́jú, ó ń dán, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àkíbù sọ̀ kalẹ̀. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ló bá gbé kámẹ́rà. Ó ya ọkọ̀ ojú omi tó jókòó sórí òrùlé mọ́sálásí. Ó ya bẹ́ẹ̀dì tuntun tí wọ́n rà fún ìyàwó, tó há sáàárín igi àgbọn méjì. Ó ya àwọn òpó tó dúró lásán láìsí ilé lórí wọn, àti obìnrin kan tó mú ìgbálẹ̀, tó ń gbá iwájú ilé tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Muhydeen àti ìyàwó rẹ̀ yè é, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dárúkọ nikà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ òkú ni wọ́n ń sọ. Òkun ń dà wọ́n sórí iyanrìn, ti ibẹ̀ àti ti àwọn abúlé mìíràn, àwọn tí ẹnikẹ́ni ní Àgọ́ Ẹlẹ́ja ò mọ̀ rí. Kò sí mọ́ṣúárì nítòsí, oòrùn sì ti ń mú. Ìmáàmù ibẹ̀, àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Abdulmajeed, fa Àkíbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ Ìbàdàn," ó ní, "a ò lè fi òkú sílẹ̀ de ẹni tí a ò mọ ìgbà tó máa dé. A máa sin wọ́n. Bá wa ya ojú wọn kí a tó bo iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń wá èèyàn rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ la ó darí ẹ̀ sí."

Alàgbà ìjọ Aládùúrà tó dúró tì í ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó rí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Àkíbù ṣe. Ẹlòmíràn ì bá tẹ kámẹ́rà, kó sì kọjá síwájú. Bàbá rẹ̀ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó bu omi tó mọ́, ó fọ iyanrìn kúrò lójú òkú kọ̀ọ̀kan. Ó pa ẹnu tó là dé. Àwọn obìnrin tí òkun ti bọ́ ìborí lórí wọn, ojú tì í fún wọn. Ó mú aṣọ funfun olódòdó wúrà tó gbé wá fún nikà, ó fà á ya, ó sì wé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń wé gèlè fún oníbàárà ní Beyerunka. Àwọn tó ń wò ó ṣàdúrà fún un. Òun náà gbà pé iṣẹ́ láádá lòun ń ṣe, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é.

Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún. Bí Àkíbù ṣe fẹ́ gbé aṣọ lé e lórí, ó rí nǹkan funfun níwájú irun rẹ̀, lókè ojú òsì. Ó ṣe bí ìfófòó òkun ni. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, kò kúrò. Ó tún un nù. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé irun ni, ewú tí Ọlọ́run dá mọ́ ọmọ kékeré. Ó wé aṣọ bò ó dáadáa, ó yà á ní fọ́tò, wọ́n sì gbé e lọ sin.

Àkíbù padà sí Beyerunka, ṣùgbọ́n kò dá wá, ẹ̀rù bá a wá. Bí òjò bá ti ń ta sórí àwọn páànù tó ti dípẹtà ládùúgbò wọn, á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo gọ́tà. Bí oníbàárà bá ṣẹ́jú tí fọ́tò jáde pẹ̀lú ojú dídì, àyà rẹ̀ á já, á pa fọ́tò náà rẹ́ kíá, á ní kí onítọ̀hún tún jókòó. Ó lè ya ẹnì kan títí onítọ̀hún á fi bínú dìde. Ìyàwó tuntun kan wá láti Oníyanrìn. Bí Àkíbù ṣe na ọwọ́ láti tún gèlè rẹ̀ ṣe, àtàǹpàkò rẹ̀ lọ síwájú irun ọmọ ọlọ́mọ, ó ń nu ibi tí kò sí nǹkan kan. Ìyàwó fò dìde. Wọ́n gbé ìròyìn kiri pé Àkíbù Fọ́tò ti ń ṣarán. Ẹnu wọn ò mọ́ra ni. Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà, ìbànújẹ́ sì ti gba ọkàn rẹ̀. Ó sọ fún Zulaihat pé òun ò tún ní fojú kan òkun mọ́ láyé òun, Zulaihat ní "Àmín."

Àwọn tó ń wá èèyàn wọn sì ń dé. Wọ́n ń ti Òkìtìpupa wá, wọ́n ń ti Èkó wá. Àkíbù á fún wọn lága, Zulaihat á bu omi fún wọn, wọn á wá kó fọ́tò lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí tirẹ̀ á ké, Zulaihat á bá a ké, Àkíbù á júwe ibi tí wọ́n sin òkú náà sí, onítọ̀hún á sì mú fọ́tò rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú wọn tán díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ẹyọ kan. Fọ́tò ọmọbìnrin eléwú ni. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ń mi orí. Àkíbù a máa gbé e jáde lójú iṣẹ́, á wò ó, á dá a padà sínú dúrọ́ọ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ń ṣe òun bíi pé ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí kí wọ́n wá mú òun lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin kan yọ sí ṣọ́ọ̀bù. Sùtánà funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, báàgì ìrìn àjò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tètè wọlé. Ó dúró síta, ó ń wo àwọn èèyàn inú gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, àfìgbà tí Zulaihat jáde lọ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," obìnrin náà ní. "Louisa ni wọ́n ń pè mí, Òkè Padre là ń gbé. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò àwọn tí òkun gbé."

Àkíbù ní òun ni. Ó bèèrè ẹni tí wọ́n ń wá.

"Ọmọ mi ni. Precious lorúkọ rẹ̀. Ó lọ kí ìyá bàbá rẹ̀ létí òkun. Wọ́n ti rí ìyá àgbà, láàyè. Wọn ò rí òun. Àwọn kan ní àwọn rí ọkọ̀ kan tó kó àwọn ọ̀dọ́ sá lọ sápá Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí. Ṣùgbọ́n wòlíì wa ní kí n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ yín, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Àkíbù gbé fọ́tò tó kù lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà di ojú, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà ló tó lajú wò ó. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Omi ti wú ojú ọmọ inú fọ́tò náà, kò sí bí ẹni tó bí i ṣe lè dá imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tó yá, èjìká Louisa sọ̀ wálẹ̀.

"Kì í ṣe òun," ó ní. "Ọlọ́run ò, kì í ṣe òun! Ọmọ ìmàle lèyí, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe bo orí rẹ̀ dáadáa? Precious mi kì í wé nǹkan kan, àfi tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí ta ló máa bo irú orí yẹn? Ewú tí mo bí mọ́ ọn ló fi ń ṣe fáàrí." Ó fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀, lókè ojú òsì. "Ibí yìí. Ó funfun báláú. Tó bá jẹ́ òun ni, ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ rí."

Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúpẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìgbànú sùtánà nu ojú. Ó ṣàdúrà fún Àkíbù pé kò ní fi ojú sunkún ọmọ, ó ṣàdúrà fún Zulaihat, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Àkíbù gbọ́ gbogbo àdúrà náà. Kò lè ṣe àmín.

Zulaihat ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í. "Bàbá Sọ̀fíyàt. Ewú tí ẹ sọ fún mi ńkọ́?"

"Òun ni," Àkíbù dáhùn.

"Yéè!" Zulaihat fọwọ́ dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ṣé ẹ rí ẹ̀rín rẹ̀? Ta ló fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀?"

Àkíbù jókòó sórí àga oníbàárà. Àṣìṣe tó ṣe wá hàn sí i kedere, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ dé góńgó. Wọ́n ní kó ya àwọn òkú kí ará ilé wọn lè dá wọn mọ̀, òun wá múra fún wọn bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò ọdún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ọmọ pamọ́ fún ìyá. Bí òun bá dákẹ́, obìnrin yìí á dé Ẹ̀pẹ́, á bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan, á bèèrè lọ́wọ́ òmíràn, á kọjá sí Èkó, á di arúgbó lẹ́nu bíbéèrè. Ọmọ náà á sì máa dúró sẹ́nu ọ̀nà Àkíbù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi sọnù lọ. Ó dìde. Zulaihat wo ojú rẹ̀, ó sì yà fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó sáré gba àárín agboolé jáde, sílípáàsì ń pa á lẹ́sẹ̀, ó gun òkè tó lọ sí Mapó. Àwọn mọ́tò máíkírà tó ń kérò tò síbẹ̀. Louisa ti wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Nígbà tó rí Àkíbù, ó yọ orí jáde.

"Bàbá, ṣé mo gbàgbé nǹkan ni?"

Àkíbù di fèrèsé mọ́tò mú. Èémí rẹ̀ kò tíì délẹ̀. "Màmá Precious, èmi ni mo wé aṣọ yẹn."

"Aṣọ wo?"

"Aṣọ orí ọmọ inú fọ́tò. Kì í ṣe ọmọ ìmàle. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ nígbà tí òkun gbé e dé. Ojú ló tì mí fún un, mo bá wé e. Ewú náà wà lábẹ́ ẹ̀, lókè ojú òsì. Ọwọ́ mi yìí ló kàn án. Ẹ forí jì mí."

Awakọ̀ pa rédíò. Louisa kò ké. Ó ń wo ọwọ́ Àkíbù tó wà lójú fèrèsé, ó wò ó títí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mo ti jáde nílé yín," ó ní. "Mo ti ń lọ. Ọmọ mi ti wà láàyè, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ sáré tẹ̀ lé mi?"

Àkíbù kò ní nǹkan mìíràn lẹ́nu ju ohun tó gbé e gun òkè náà lọ. "Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi sọnù lọ."

"Ẹni tó pa òwe yẹn," ni Louisa wí, "ọmọ tiẹ̀ ò kú rí."

Àkíbù dúró síbẹ̀, ó ń sunkún lójú gbogbo èrò, àgbàlagbà oní-fọ́tò tí gbogbo Mapó mọ̀. Èrò kan fẹ́ wọlé, awakọ̀ fọwọ́ dá a dúró.

Nígbà tó pẹ́, Louisa gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó sún fún un.

"Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wọlé."

Àkíbù ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé jókòó tì í. Ọ̀dọ̀ òkun tó ní òun ò ní fojú kan mọ́ ni wọ́n ń lọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó má bẹ̀rù.